Bí Mo Ṣe Kọ́ Ọgbọ́n Wíwá Oúnjẹ Alẹ́ ní Ushafa

Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ẹni tó bá ń gbé ìlú ńlá, tó ń ti ibi iṣẹ́ dé nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú, mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó ti rẹ̀ ẹ́, gáàsì lè ti tán nílé, iná lè má sí, ọjà sì ti tú. Níta ni yóò ti jẹun. Ibi tí yóò ti jẹ ẹ́, iye tí yóò san, àti bí inú rẹ̀ yóò ṣe rí bí ilẹ̀ bá mọ́, gbogbo rẹ̀ ní ìmọ̀ nínú. Iṣẹ́ tí à ń kọ́ ni. Ushafa ni mo ti kọ́ ọ, lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ushafa wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Bwari, lábẹ́ àwọn òkè olókùúta, nítòsí dáàmù Lower Usuma tí Àbújá ń mu omi rẹ̀. Àwọn Gbagyi ló ń gbé ibẹ̀ kí ìjọba tó ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún olú-ìlú ní ọdún 1976. Ìlú amọ̀kòkò ni, àwọn àlejò sì máa ń wá wo ibi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò. Bill Clinton, tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, ṣe àbẹ̀wò síbẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2000, àwọn kan sì ń pè é ní abúlé Clinton títí di òní. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí apá wọn kò ká owó ilé ní Garki, Wuse tàbí Maitama ló ń gbé níbẹ̀, bí àwọn ẹgbẹ́ wọn ṣe ń gbé Dutse, Kubwa àti Bwari. Wọ́n á lọ sí ìgboro láàárọ̀, wọ́n á padà wálé nírọ̀lẹ́. Ìdí nìyẹn tí oúnjẹ alẹ́ fi pọ̀ lójú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà padà wálé: Gbagyi, Haúsá, Nupe, Tiv, Ìgbò, Yorùbá, kálukú gbé ìkòkò tirẹ̀ kaná.

Àsìkò tí mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí kò rọgbọ. Ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà epo kan sì fò láti abẹ́ 200 náírà kọjá 500. Ọkọ̀ tó ń kó iṣu àti ata wọ̀lú gbówó lé e, alóúnjẹ náà sì gbówó lé tirẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà ọdún 2024, àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè, NBS, sọ pé iye owó oúnjẹ ti fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún àti díẹ̀ ga ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Oúnjẹ alẹ́ tí èèyàn máa ń rà láìronú wá di ohun tí a ń ṣírò ká tó jókòó.

Ọ̀gá mi àkọ́kọ́ ni awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan, ọmọ Ìgbómìnà, tó ń ná ọ̀nà Bwari sí Wuse. Ọkọ̀ rẹ̀ ni mo máa ń wọ̀ bọ̀ nírọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ kan tí mo bi í léèrè ibi tí oúnjẹ ti dùn, ó ní, “Àbúrò, má béèrè ibi tó dùn. Béèrè ìgbà tí wọ́n sọ ìkòkò kalẹ̀.” Ó ṣàlàyé fún mi pé oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ló ní wákàtí tirẹ̀. Ìyá tó bá ro àmàlà ní nǹkan bí aago márùn-ún, àwọn tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ló rò ó dè. Èyí tó bá rò ó lọ́sàn-án ń wá ẹni tí yóò bá a tà á tán. Iye kan náà ni méjèèjì lè máa gbà, ṣùgbọ́n oúnjẹ kan náà kọ́.

Ìmọ̀ ìlera gbè é lẹ́yìn. Nínú òfin márùn-ún tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2001 lórí oúnjẹ, wọ́n ní kí oúnjẹ sísè má ṣe wà nílẹ̀ lásán ju wákàtí méjì lọ, àti pé èyí tí a fẹ́ bù jẹ gbọ́dọ̀ gbóná ju ìwọ̀n 60 lọ lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Ìrẹsì ló yẹ ká ṣọ́ jù. Kòkòrò kan tí a kò lè fojú rí, Bacillus cereus, máa ń dàgbà nínú ìrẹsì tó ti tutù, ọ̀kan nínú májèlé rẹ̀ kì í sì í bàjẹ́ bí wọ́n bá tiẹ̀ tún ìrẹsì náà gbé kaná. Nítorí náà, bí kúlà ìrẹsì bá ṣí tí oru kò jáde, ọ̀gá mi á kọjá lọ, bó ti wù kó pọ́n wò tó.

Ẹ̀kọ́ kejì ni omi. Kí n tó wo ìkòkò, ó ní kí n lọ wo ibi tí wọ́n ti ń fọ abọ́. Ṣé omi kan ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, àbí wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀? Ṣé ọṣẹ wà nídìí omi ìfọwọ́? Ṣé ọwọ́ tó ń gba owó náà ló ń dá òkèlè? Kò sí àsọdùn nínú èyí. Ní ọdún 2021, àrùn onígbáméjì pa èèyàn tó lé ní 3,500 ní orílẹ̀-èdè wa, omi àti oúnjẹ tí kò mọ́ ni àrùn náà sì ń bá wọlé. Ẹni tó bá fi owó díẹ̀ jẹun lálẹ́, tó wá kó owó ńlá fún ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kejì, ti jẹ oúnjẹ tó wọ́n jù lọ nílùú.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni àwọn tó ń jẹun. Mo rò tẹ́lẹ̀ pé ibi tí èrò bá ti pọ̀ ni kéèyàn lọ. Ọ̀gá mi ní kí n wo irú èrò tó jẹ́. Bí mo bá rí àwọn mọlémọlé, àwọn awakọ̀, àwọn tó ń gbé àpò sìmẹ́ńtì látàárọ̀, tí wọ́n jókòó síbì kan lójoojúmọ́, kí n jókòó tì wọ́n. Owó wọn kò pọ̀ tó èyí tí wọn yóò fi máa dán ibi gbogbo wò, iṣẹ́ wọn sì ń fẹ́ oúnjẹ tó ń dúró níkùn. Àǹfààní mìíràn ni pé ibi tí wọ́n bá ti ń jẹun, ìkòkò máa ń tètè tán, wọ́n á sì tún òmíràn sè. Oúnjẹ kì í pẹ́ nílẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀gá mi kejì ni ìyá kan tó ń ta àmàlà lẹ́bàá ọ̀nà. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń ra oúnjẹ. Ó ní ohun mẹ́ta ni mò ń rà, kí n máa ka owó wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: òkèlè, ọbẹ̀, àti ẹran. Òkèlè ló ń yóni, ọbẹ̀ ló ń mú un dùn, ẹran ló sì ń kó owó lọ. Ẹni tó bá fi ògúnfe méjì jẹ àmàlà kan yóò san ju ẹni tó fi pọ̀ǹmọ́ kan jẹ àmàlà méjì, òun náà sì ni ebi yóò kọ́kọ́ pa. Bí owó kò bá tó, ó ní kí n fi ẹ̀wà rọ́pò ẹran, nítorí gbẹ̀gìrì tó ki dáadáa ti jẹ́ ẹran fún ẹni tó mọ̀ ọ́n jẹ.

Ó tún kọ́ mi láti béèrè owó kí wọ́n tó bù ú. Ojú kọ́kọ́ ń tì mí. Ó rí i, ó sì sọ pé, “Ọmọ mi, ẹni tó béèrè owó kó tó jókòó kì í ṣe ahun. Ẹni tó jẹun tán kó tó béèrè ló máa ń bá mi jà.” Láti ìgbà náà, bí mo bá dé ibi tí wọn kò ti mọ̀ mí, mo máa ń kí wọn kú iṣẹ́, mo máa ń béèrè owó ohun kọ̀ọ̀kan, mo sì máa ń sọ iye tó wà lọ́wọ́ mi. Púpọ̀ nínú àwọn ìyá wọ̀nyí yóò bá ọ pín in dáadáa bí o bá sọ òótọ́ fún wọn.

Ẹ̀kọ́ tó yà mí lẹ́nu jù ni pé oúnjẹ ìlú mi kọ́ ló máa ń dín owó jù ní ilẹ̀ ibòmíràn. Ọ̀nà jíjìn ni èlùbọ́ ti ń bọ̀. Láti Ṣakí, Ìgbòho àti àwọn ìlú Òkè-Ògùn mìíràn ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá, ẹni tó bá sì jẹ àmàlà ní Ushafa ń san owó ọkọ̀ èlùbọ́ náà. Àmọ́ ìpínlẹ̀ Niger, Nasarawa àti Benue ló yí olú-ìlú ká tàbí tó sún mọ́ ọn, iṣu, àgbàdo, ọkà bàbà àti ìrẹsì ni wọ́n sì ń gbìn. Nítorí náà, iyán àti túwó ló yẹ kí n máa wá. Mo wá kọ́ láti máa tẹ́tí sí ìró ọmọ odó nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, torí ibi tí wọ́n bá ti ń gún iyán lásìkò tí mo débẹ̀ kì í jẹ́ kí n kábàámọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ túwó ṣìnkáfá pẹ̀lú ọbẹ̀ kúkà, èyí tí wọ́n fi ewé igi osè gbígbẹ sè, àti ọbẹ̀ taushe tí wọ́n fi elégédé sè. Mo mọ máásà, tí wọ́n ń fi ìrẹsì lílọ̀ dín nínú agbada olójú-ihò, tó máa ń yóni láìjẹ owó púpọ̀. Mo mọ̀ pé súyà díẹ̀ tí a fi jẹ máásà tó fún oúnjẹ alẹ́, bí onísúyà bá tún ẹran náà gbé sórí ẹyin iná níwájú mi, kó tó bu yájì àti àlùbọ́sà sí i. Bó bá sì ti pẹ́ tí gbogbo ìkòkò ti tán, oníṣáì ṣì wà pẹ̀lú búrẹ́dì, ẹyin àti Indomie.

Èdè ló ṣí ilẹ̀kùn yìí fún mi. Haúsá ni èdè tí ọ̀pọ̀ àwọn alóúnjẹ jọ ń sọ lójú ọ̀nà yẹn. “Sannu da aiki” ni mo fi ń kí wọn, “nawa ne?” ni mo fi ń béèrè owó, “na gode” ni mo fi ń dúpẹ́. Ó kéré, ṣùgbọ́n ó tó láti sọ àlejò di ẹni tí wọ́n ń bù fún tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Ohun tó ga jù nínú iṣẹ́ yìí kì í ṣe ohun tí à ń fi ojú wá. Oníbàárà ni. Ìyá alámàlà yẹn máa ń fún mi ní ènì, ọbẹ̀ díẹ̀ sí i, tàbí fùkù kékeré kan. Inú mi máa ń dùn sí i. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ kan tí mo ní kó bu ewédú fún mi, ó mi orí. Ó ní ti ọ̀sán ni, ó ti ń yí padà, kí n lọ jẹun lọ́dọ̀ arábìnrin Gbagyi tó wà lódìkejì títì, torí túwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná ni. Ó lé owó lọ lójú mi kí inú má baà run mí. Kò sí bí mo ṣe lè wo ìkòkò tó tí màá fi mọ̀ ọ́n. Ìyá yẹn ló mọ ohun tó wà nínú ìkòkò rẹ̀, ẹni tó bá sì mọyì rẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún.

Ìgboro náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lọ jẹun alẹ́ ní Wuse tàbí Garki gbọ́dọ̀ ka owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ mọ́ owó oúnjẹ. Ilé oúnjẹ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ń ta owó ilé, owó jẹnẹrétọ̀ àti oúnjẹ pa pọ̀. Kéèyàn tún wò ó bóyá owó orí VAT, tó ti jẹ́ ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún láti oṣù kejì ọdún 2020, ti wà nínú iye tí wọ́n kọ, àbí wọn yóò fi kún un nígbà tí a bá fẹ́ sanwó. Ọgbọ́n tó bá ìgboro mu ni ká lọ pọ̀: ẹja sísun ńlá kan láàárín èèyàn mẹ́ta sàn ju abọ́ ìrẹsì kọ̀ọ̀kan lọ. Màmí máàkẹ́ẹ̀tì tó wà nínú àwọn bárékè ológun ni irú ẹja bẹ́ẹ̀ ti lókìkí. Ìtàn tí ọ̀pọ̀ ń sọ ni pé ọ̀dọ̀ ìyàwó sójà kan tó ń ta kúnú ní bárékè Ẹnúgu ní nǹkan bí ọdún 1959 ni irú ọjà yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Bí gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ ṣe ní fírídọ̀m, ọ̀gá mi awakọ̀ ṣe tèmi náà. Àwọn òṣìṣẹ́ tuntun kan wọ ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n béèrè ibi tí wọ́n ti lè jẹun pẹ̀lú owó tí kò pọ̀. Ó yíjú sí mi, ó ní, “Àbúrò, mú wọn lọ.” Mo mú wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń gún iyán lọ́wọ́. Mo jẹ́ kí wọ́n wo omi ìfọbọ́, mo jẹ́ kí wọ́n béèrè owó kí wọ́n tó jókòó. Wọ́n yó, owó wọn sì ṣẹ́kù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìlú ńlá, yálà Àbújá, Ìbàdàn, Èkó tàbí Kútọnu, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi oúnjẹ alẹ́ yín sílẹ̀ fún oríire. Ẹ wo aago, ẹ wo iná, ẹ wo omi, ẹ wo àwọn tó ń jẹun, ẹ sì máa jẹ ohun tí ilẹ̀ tó yí yín ká ń mú jáde. Bí ẹ bá rí alóúnjẹ tó ń sọ òótọ́ fún yín, ẹ má ṣe ná ọjà rẹ̀ jù. Ẹ san owó rẹ̀ pé, ẹ padà lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ sì júwe rẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn, kó lè máa ṣí ìkòkò rẹ̀ fún wa lọ́la.