Àgbo Baálé

Arábìnrin mi, bí ọmọ bá pẹ́ dé, ìwọ nìkan ni a máa ń se àgbo fún. Baálé ńkọ́? Nígbà púpọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìdènà wà. Àtọ̀ a máa bàjẹ́ lára bí irin ti í dípẹtà. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn rí i lára eku pé kolaviron inú orógbó a máa dín ìbàjẹ́ náà kù. Mo ń gbé orógbó síwájú ọkọ tèmi. Ṣùgbọ́n eku kì í ṣe ọkọ ẹni! Dóńgóyárò tí a fi ń wo ibà, ṣe ni ó dín àtọ̀ eku kù nínú ìwádìí. Fi ohùn pẹ̀lẹ́ rọ ọkọ rẹ kí ó kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò àtọ̀ ní ilé ìwòsàn. Nǹkan bí ọjọ́ 74 ni àtọ̀ tuntun fi ń gbó. Bí elégbòogi bá ṣèlérí ọjọ́ 7, má tú àpò owó rẹ.