Akọ̀ròyìn Tí Wọ́n Gbé ní Ìṣẹ̀rì Ọlọ́fin

Ọjọ́ àwọn òṣìṣẹ́, ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ni akọ̀ròyìn kan tí ń jẹ́ Daniel Ojukwu di àwátì ní Èkó. Fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́, àwọn ẹbí rẹ̀ kò sì gbúròó rẹ̀. Iléeṣẹ́ ìròyìn rẹ̀, FIJ, lọ fi tó àwọn ọlọ́pàá létí pé òṣìṣẹ́ àwọn sọnù. Nígbà tí wọ́n tọpasẹ̀ fóònù náà, Ìṣẹ̀rì Ọlọ́fin ni ó já sí, ní Alímọ̀ṣọ́ wa níhìn-ín. Àṣé ọwọ́ ọlọ́pàá gan-an ni ẹni tí wọ́n ń wá wà.

Pańtì ní Yaba ni wọ́n kọ́kọ́ tì í mọ́, kí wọ́n tó gbé e lọ sí Àbújá. Ohun tí ó dá ẹjọ́ sílẹ̀ ni ìròyìn kan tí ó kọ ní ọdún 2023. Ó kọ ọ́ pé ọ́fíìsì olùrànlọ́wọ́ Ààrẹ lórí ètò SDG san mílíọ̀nù 147 náírà fún iṣẹ́ kíkọ́ iléèwé sínú àkáǹtì ilé oúnjẹ kan. Adejoke Orelope-Adefulire, igbákejì gómìnà Èkó láti 2011 sí 2015, ni ó wà ní ọ́fíìsì náà; agbo òṣèlú Alímọ̀ṣọ́ mọ̀ wọ́n dáadáa. Ìròyìn náà lè jẹ́ òótọ́, ó sì lè ní àṣìṣe. Èmi kì í ṣe adájọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá parọ́ mọ́ lè fèsì, ó lè gba ilé ẹjọ́ lọ ní ọ̀sán gangan. Kí ni ti gbígbé ènìyàn pamọ́?

Òfin ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ayélujára ti ọdún 2015 ni wọ́n gùn lé. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, ilé ẹjọ́ ECOWAS sọ pé abala 24 òfin náà tako ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn láti sọ̀rọ̀, ó sì pàṣẹ pé kí ìjọba tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe lóòótọ́, ní oṣù Kejì ọdún 2024. Nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé Ojukwu.

Ní ọdún 1984, Òfin Kẹrin àwọn ológun rán Tunde Thompson àti Nduka Irabor ti ìwé ìròyìn Guardian sí ẹ̀wọ̀n, wọ́n sì bu owó ìtanràn ẹgbẹ̀rún 50 náírà fún iléeṣẹ́ wọn. Èmi kò yin ológun o, òfin burúkú ni. Àmọ́ gbogbo ayé mọ ilé ẹjọ́ tí wọ́n ti dájọ́ wọn. Lábẹ́ ìjọba alágbádá, ọjọ́ mélòó kan kọjá kí ìyá ọmọ tó mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ sùn.

Ẹ wo Alímọ̀ṣọ́. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 níbí, ìjọba Èkó sì ní àwọn ka mílíọ̀nù méjì ó lé. Èrò tó báyìí, láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìkọ̀tún, akọ̀ròyìn mélòó ni ó ń bá wọn wo bí a ṣe ń ná owó wọn? Ojú àwọn ará àdúgbò ni akọ̀ròyìn fi ń ríran. Ẹ̀rù tí wọ́n dá ba Ojukwu kò dúró lọ́rùn rẹ̀ nìkan.

Bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì wà ní àdúgbò wa ní Ìgándò. Wọ́n fi fóònù ya àwòrán pátákó iṣẹ́ omi ẹ̀rọ kan, pátákó tí ó dúró lórí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbẹ́ rí. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n fún akọ̀ròyìn kan ní àwòrán náà. Bàbá mi orí. Wọ́n ní bí wọ́n bá lè gbé ẹni tí ó ní iléeṣẹ́ lẹ́yìn, ta ni yóò wá àwọn kiri?

N kò rí èsì fún wọn. Ojukwu ní ẹni tí ó wá a: àwọn akọ̀ròyìn àti ajàfẹ́tọ̀ọ́ ṣe ìwọ́de ní Àbújá ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù náà, ọjọ́ kejì ni wọ́n tú u sílẹ̀. Àwòrán pátákó náà ṣì wà nínú fóònù Bàbá. Wọ́n ti fi hàn mí lẹ́ẹ̀mẹta, ìgbàkígbà tí wọ́n bá sì fi hàn mí, wọn a kọ́kọ́ lọ ti ilẹ̀kùn.