Mo Fọwọ́ Sí I Láì Kà Á

Ẹ̀ṣẹ̀ tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ yìí kò gbà mí ju ìṣẹ́jú kan lọ láti dá. Lọ́dún 2019, mo jẹ́ level adviser, ìyẹn olùkọ́ tó ń gbani nímọ̀ràn lórí kọ́ọ̀sì, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì kan, mo sì fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kọ́ọ̀sì ọmọkùnrin kan láì kà á. Ọdún kan gbáko ló bá a lọ. Àǹfààní àtiṣe àgùnbánirọ̀ náà bá a lọ.

Ẹni tó bá ti gba yunifásítì kọjá nílẹ̀ wa mọ bí ọ̀sẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ ṣe ń rí. Àwọn ọmọ á tò sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, kálukú á di fọ́ọ̀mù rẹ̀ mú, olùkọ́ á sì máa fọwọ́ sí i lọ ràì kí èrò lè tètè tán. Lójú mi nígbà náà, iṣẹ́ kékeré ni. Ìwé tí mo bá kọ sínú jọ́nà ni wọ́n máa fi gbé mi ga lẹ́nu iṣẹ́, ta ni yóò gbé mi ga nítorí pé mo fara balẹ̀ ka fọ́ọ̀mù?

Ọmọ tí mò ń wí yìí kì í ṣe ògo wẹẹrẹ. Ó ti ṣe iṣẹ́ kásúà láwọn iléeṣẹ́ ní Ọ̀gbà àti Àgídìngbì kó tó rọ́wọ́ mú nínú ìdánwò JAMB. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógún ni nígbà tó wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017. Ní sáà kejì ọdún kẹta rẹ̀, kọ́ọ̀sì tó yẹ kó ṣe àti carry-over (kọ́ọ̀sì tí kò yege nínú rẹ̀) tó ń gbé bọ̀ láti ọdún kejì jẹ́ yúnìtì 26 lápapọ̀. Òfin sì ni pé kò gbọdọ̀ ju 24 lọ ní sáà kan. Ó di dandan kó yọ ọ̀kan.

Kọ́ọ̀sì gbogbogbòò kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ yúnìtì 2, tí kọ́ọ̀sì kankan kò dúró dè. Ká ní ìyẹn ló yọ ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí síbẹ̀. Ìṣirò àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, tó jẹ́ yúnìtì 3, ló yọ, nítorí pé wákàtí rẹ̀ forí gbárí pẹ̀lú ti carry-over rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sì ti sọ fún un pé kọ́ọ̀sì náà le bí ojú ẹja. Ó bi mí pé, "Sà, ṣé mo lè ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀?" Mo ní, "Kí ló fẹ́ dá ẹ dúró?" Mo fọwọ́ sí i, mo ní kí ẹni tó kàn máa bọ̀.

Ohun tó fẹ́ dá a dúró nìyí. Ètò kan wà tó ń jẹ́ SIWES, tí gbogbo wa ń pè ní I.T. Lábẹ́ ètò yìí, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ máa ń lo oṣù mẹ́fà níléeṣẹ́, sáà kejì ọdún kẹrin ló sì bọ́ sí fún àwọn ọmọ tiwa. Ìṣirò tó yọ yìí, sáà kejì nìkan ni wọ́n ń kọ́ ọ, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ ọ "lọ́dún tó ń bọ̀", kò ní sí nínú ọgbà. Ó di sáà kejì ọdún karùn-ún. Bẹ́ẹ̀ kọ́ọ̀sì kan wà ní sáà kìíní ọdún karùn-ún, èyí tó dá lórí bí a ṣe ń darí ẹ̀rọ, tí ẹni tí kò bá tíì yege nínú ìṣirò náà kò lè forúkọ sílẹ̀ fún. Ìyẹn náà gbọ́dọ̀ dúró di ọdún tó tẹ̀ lé e. Báyìí ni yúnìtì 3 ṣe sọ ọdún márùn-ún di mẹ́fà.

Ọmọ náà kò lè mọ gbogbo èyí, ọ̀rẹ́ tó gbà á nímọ̀ràn kò mọ̀ ọ́n. Èmi ni ìwé ètò kọ́ọ̀sì ọdún márààrún wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà o, orí ọmọ sì wọ́.

Lọ́dún 2021, wọ́n yàn mí pé kí n lọ wo àwọn ọmọ wa tó wà ní I.T. Mo gba ọ̀nà Lateef Jakande ní Àgídìngbì, níbi tí Cadbury àti iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n LTV wà, títí mo fi dé iléeṣẹ́ tí ọmọkùnrin yẹn wà. Ọ̀gá tó ń bójú tó àtúnṣe ẹ̀rọ níbẹ̀ yìn ín lójú mi. Ó ní bó bá ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, kó padà wá. Inú mi dùn, mo fọwọ́ sí logbook rẹ̀. Wọ́n ń kọ́ ìṣirò náà lọ́wọ́ nínú ọgbà lọ́jọ́ yẹn. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, pọ́tàlì kọ̀, kò gba kọ́ọ̀sì ọdún karùn-ún yẹn wọlé. Ó sáré wá bá mi. Mo fa fọ́ọ̀mù àtijọ́ yọ, mo rí ìfọwọ́sí ara mi. Ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ti di méjì. Ó kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ẹ̀ka pé kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣe kọ́ọ̀sì méjèèjì nínú ọdún kan náà. Nígbà tí wọ́n ka ìwé rẹ̀ nípàdé, ẹnì kan béèrè pé, "Ṣé kò rí level adviser ni?" Ká ní mo sọ pé ẹ̀bi mi ni, wọn ì bá tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò, nítorí a ti ṣe irú rẹ̀ fún àwọn kan rí. Ohun tí mo sọ ni pé, "Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í gbọ́ràn." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fagi lé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀.

Ìyanṣẹ́lódì ASUU ló tẹ̀ lé e, láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2022. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ parí lọ́dún 2023. Òun ì bá bá wọn parí lẹ́ni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ó pé ọgbọ̀n ọdún ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ó sì di ọdún 2024 kó tó jáde. Òfin NYSC sì ni pé ẹni tó bá ti lé lọ́gbọ̀n ọdún lọ́jọ́ tó jáde kò ní sin ìlú. Ìwé ìyọ̀ǹda ni wọ́n fún un. Ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n náírà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbà lóṣooṣù nígbà náà, kò fojú kàn án. Ọ̀gá tó ṣèlérí fún un ti kúrò níléeṣẹ́ yẹn, ẹni tí kò tíì pé ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n sì ni àwọn tó kù ń wá.

Àgídìngbì ni mò ń gbé. Ibẹ̀ ni mo ti rí i lọ́dún 2024, ó ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀ láàárọ̀, ó ti padà sídìí iṣẹ́ kásúà. Mo jẹ́wọ́ fún un pé èmi ni mo ba nǹkan rẹ̀ jẹ́, mo sì sọ ohun tí mo ṣe nípàdé. Ó ní, "Mo mọ̀ tipẹ́, sà. Orúkọ yín ló wà lábẹ́ fọ́ọ̀mù. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?"

Mo ti kọ ìwé sí ẹ̀ka wa, mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe rí. Ìwé náà kò dá ọdún kan padà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ tó yọ kọ́ọ̀sì kankan, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta: sáà wo ni wọ́n ń kọ́ ọ, níbo lẹ óò wà ní sáà náà lọ́dún tó ń bọ̀, kọ́ọ̀sì wo ló dúró dè é? Ẹ má béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún tún gba ìṣọ́ra sí i báyìí tí NUC ti mú ètò ẹ̀kọ́ tuntun, CCMAS, wá láti ọdún 2023, nítorí ẹni tí carry-over bá dá dúró lè padà wá bá kọ́ọ̀sì rẹ̀ lábẹ́ orúkọ mìíràn. Ẹ fi ẹ̀dà fọ́ọ̀mù yín pamọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹni tí kò bá ráyè ka fọ́ọ̀mù, kó má fọwọ́ sí i.