Nígbà Tí A Pa Kọ̀ǹpútà Lẹ́nu Mọ́

Nígbà tí olóòtú ní kí a kọ nǹkan díẹ̀ nípa iṣẹ́ tí a ń ṣe fún ilé-ẹ̀kọ́ wa, ìjẹ́wọ́ kan ni ó wá sí wa lọ́kàn.

Ẹgbẹ́ wa a máa san ìdajì owó ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ mélòó kan, àwọn òbí wọn a sì san ìdajì tó kù. Ọwọ́ wa ni àkọsílẹ̀ owó náà wà nínú Excel, kíláàsì kọ̀ọ̀kan sì ní ojú-ìwé tirẹ̀. Àbúrò wa kan nínú ẹgbẹ́, kí ó tó kọjá sí òkè òkun, kọ macro kan sínú rẹ̀, èyíinì ni àwọn àṣẹ tí a tò lẹ́sẹẹsẹ, tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé láti ka àwọn ojú-ìwé náà, kí ó sì to orúkọ àwọn tí kò tí ì san owó. Fún àwa tí a dàgbà sídìí lẹ́jà àti gègé, iṣẹ́ ọjọ́ méjì di iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan.

Ní ìparí sáà kan, a jókòó nínú ilé wa ní Ailegun ní alẹ́. Iná ti lọ, bátìrì kọ̀ǹpútà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. A tẹ bọ́tìnì, àpótí kékeré kan sì yọ lójú kọ̀ǹpútà: Run-time error '9': Subscript out of range. A tún un tẹ̀ títí, ọ̀rọ̀ kan náà ni. A wá rántí pé ẹnì kan ti sọ fún wa rí pé bí a bá kọ On Error Resume Next sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn àṣẹ náà, ìyọnu yóò dópin. A kọ ọ́, ìyọnu sì dópin lóòótọ́. Orúkọ jáde, a dúpẹ́, a sì kọ lẹ́tà sí àwọn òbí tí ọ̀rọ̀ kàn pé bí wọn kò bá san owó, ìrànwọ́ yóò dúró.

Ní ọjọ́ kẹta, bàbá kan tí ó ń lẹ táyà ọkọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà Ailegun wá bá wa. Ó tú ọ̀rá kan, ó sì kó tẹ́là báǹkì mẹ́ta jáde. Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Mo ti san án tán. Láti ọjọ́ tí lẹ́tà yín ti dé, ìyá ọmọ náà kò rí oorun sùn." A ṣí ìwé wa wò. Owó rẹ̀ wà níbẹ̀ kedere; àwa fúnra wa ni a tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, a kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà pamọ́, a sì yọ ìlà tí a fi kún un kúrò. Àpótí náà tún yọ. Tẹ́lẹ̀, End ni a máa ń tẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, a tẹ Debug. Kọ̀ǹpútà fi àwọ̀ ìyeyè kun ìlà kan, ibi tí àṣẹ ti ní kí ó ṣí ojú-ìwé SS2. Nígbà tí a wo ìsàlẹ̀ ìwé, a rí i pé a ti tún orúkọ ojú-ìwé náà kọ sí SS 2, pẹ̀lú àlàfo láàárín. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ojú-ìwé tí a ń pè kò sí. Ohun tí ó ti ń wí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí a pa á lẹ́nu mọ́, ó fo àṣẹ tí kò lè ṣe, ó dúró sórí ojú-ìwé SS1 tí ó ti kà tẹ́lẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó sì sọ àwọn ọmọ SS2 mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di onígbèsè. A pa àlàfo náà rẹ́. A ń tẹ F8 kí ó máa ṣe àṣẹ kọ̀ọ̀kan lójú wa, títí iye rẹ̀ fi bá tẹ́là mu.

Àṣìṣe tí kì í pariwo ti ṣe ibi ní ilẹ̀ ńlá pàápàá. Ní ọdún 2020, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ ènìyàn 15,841 tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní kòrónà pẹ́ kí ó tó wọ inú àkọsílẹ̀ ìjọba, nítorí pé irú fáìlì Excel àtijọ́ tí wọ́n lò kò lè gbà ju ìlà 65,536 lọ. Ìyókù sọnù ní ìdákẹ́jẹ́.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà, a kọ́ nípa Wòlíì Nátánì, tí Ọlọ́run rán láti sọ ẹ̀ṣẹ̀ Dáfídì fún un lójúkojú. Àpótí kékeré ọjọ́ yẹn ni Nátánì tiwa. A lé e jáde, aláìṣẹ̀ sì jìyà. A lọ sí ibi iṣẹ́ bàbá náà, a bẹ̀ ẹ́ lójú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó ní, "Ó ti tán, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀." A lọ. A kọ lẹ́tà ìtúúbá sí àwọn òbí méjì yòókù pẹ̀lú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú owó ìjọ, ẹgbẹ́ tàbí ilé-ẹ̀kọ́, bí kọ̀ǹpútà bá kígbe, ẹ jẹ́ kí ó sọ tẹnu rẹ̀ tán. Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni ní onígbèsè, ẹ béèrè tẹ́là lọ́wọ́ rẹ̀. Kí Olúwa kí ó fi ìrẹ̀lẹ̀ àti òtítọ́ gbé ilé-ẹ̀kọ́ wa ró. Àmín.