Ọkọ̀ Ni, Tàbí Ọkọ́?

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn ni mo gbé wá lónìí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta iṣu ní Ìkọ̀lé. Àgbẹ̀ kan ní Ọ̀yẹ́, tí ó máa ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀, fi fóònù kọ̀wé sí i pé: "E ba mi wa oko meta de ola." Ẹ̀gbọ́n mi háyà ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta, ó san àsansílẹ̀. Ọkọ́ mẹ́ta, èyí tí a fi ń kọ ebè, ni bàbá ń fẹ́! (A dúpẹ́ pé kò kà á sí ọkọ mẹ́ta.) Àwọn onímọ́tò kò dá kọ́bọ̀ padà, ìjà sì dé.

Gẹ̀ẹ́sì náà ń gbé ohùn sókè bí ó bá ń bèèrè nǹkan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í tìtorí rẹ̀ di òmíràn. Ará Ṣáínà ni ó jọ wá: "ma" lè jẹ́ ìyá, ó lè jẹ́ ẹṣin, ohùn ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohùn yìí náà ni dùndún ń tẹ̀lé tí ó fi ń sọ̀rọ̀ láìlẹ́nu. Orin ìsìn tí a kó sínú ohùn Òyìnbó ni kì í sábà tẹ̀lé e, T. K. Ekundayo Phillips, tí ó ń tẹ dùùrù ní kàtídírà Èkó, kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953.

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi àmì mọ sí ìdánwò. Bí a bá di "o" mọ́lẹ̀ lórí fóònù, ò àti ó a yọ. Àmì abẹ́ "ọ" nìkan ni ó ń fún àwọn fóònù mìíràn ní wàhálà.