Ilẹ̀ Tó Ń Sinmi

Mi ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ nígbà tí bàbá mi àgbà mú mi rìn yí oko wọn ká lẹ́yìn Ayétòrò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Pèrègún mọ́kànlá ni wọ́n fi hàn mí. Ní ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á dúró, wọ́n á sọ ẹni tí a jọ pààlà níbẹ̀. Nígbà tí a dé ibi tí igbó ti bo ilẹ̀, mo béèrè bóyá kò ní olóko. Wọ́n ní, "Tiwa ni. Ó ń sinmi ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ tí wọ́n na àwòrán ilẹ̀ kan fún ètò ìdàgbàsókè síwájú wa níbi ìpàdé ìlú. Ìhà oko wa náà ni. Wọ́n ti kùn ún ní àwọ̀ ilẹ̀ òfìfo. Onímọ̀ ni àwọn tó yà á, mi ò sì rò pé wọ́n fẹ́ rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹni tó bá ń wo ilẹ̀ láti òkè kò lè mọ èyí tó ń sinmi yàtọ̀ sí èyí tí kò ní olóko.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni ọ̀rọ̀ owó. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Bí ìjọba bá gba oko lọ́wọ́ àgbẹ̀, ilé, irè àti ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sórí ilẹ̀ ni wọ́n ń san owó gbà-má-bìínú lé lórí. Ẹni tó gbin kòkó á rí nǹkan gbà. Ẹni tó dá ilẹ̀ tirẹ̀ sí kí ó lè lọ́ràá ńkọ́? Kí ni wọ́n fẹ́ kà fún un?

Ètò ìdàgbàsókè tí Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe fún 2005 sí 2025 ti lo ọjọ́ rẹ̀ tán. Láàárín ogún ọdún náà, ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Dangote dé Ìbèsè, tìrélà sì gba ojú ọ̀nà. Ní Ìlaròó, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Pólì ń wọ inú oko ẹ̀gẹ́ lọ. Ìjọba àpapọ̀ ti àwọn ẹnubodè ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ti Ìdírókò kò sì ṣí títí di 2022. Àwa ará ibí mọ ohun tí ìlà orí pépà lè ṣe: ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ní 1889, àárín ọmọ ìyá ló gbà kọjá.

Ètò tuntun gbọ́dọ̀ wà, mo fẹ́ ẹ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n kí awọnlẹ̀ kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rìn pẹ̀lú àwọn tó mọ pèrègún. Kí ilẹ̀ tó ń sinmi ní àwọ̀ tirẹ̀ lórí àwòrán, kí àkùrọ̀ náà ní tirẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ìyá wa ti ń rí ẹ̀fọ́ tà lẹ́ẹ̀rùn. Ẹni tó bá sì kọ́lé síbẹ̀, omi á bá a nílé lójò. Kí wọ́n má sì pe ìpàdé ìlú lórí ètò náà sí ọjọ́ ọjà.

Mo padà lọ sí oko náà lọ́dún tó kọjá. Pèrègún mẹ́rin ló kù. Mo fi fóònù ya ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo kọ ibi tó wà àti orúkọ ẹni tí a jọ pààlà níbẹ̀ sílẹ̀. Ìwé náà wà nínú àpò mi, mò ń dúró de ọjọ́ ìpàdé.