Ihò Mẹ́fà Lọ́tùn-ún, Mẹ́fà Lósì

Ẹni tó bá fẹ́ kan àpótí géèmù sílé ara rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń ju ẹyọ owó sí láyé ọjọ́un, lè rò pé ojú tẹlifíṣọ̀n tàbí kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ni yóò kó wàhálà bá òun. Rárá o. Kọ̀ǹpútà ògbólógbòó kan ti tó. Láti ìgbà tí Nicola Salmoria ti gbé MAME, ètò kọ̀ǹpútà tó ń mú géèmù àtijọ́ ṣiṣẹ́, jáde ní 1997, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ti lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún géèmù àtijọ́. Pátákó ìdarí niṣẹ́ wà, pátákó iwájú tí ọwọ́ ń gbé. Ẹ̀rọ kan lè gba gbogbo géèmù, pátákó kan ò lè gbà wọ́n.

Ìdí ni pé géèmù kọ̀ọ̀kan ló ní pátákó tirẹ̀ látilẹ̀wá. Pac-Man, tí Namco ṣe ní 1980, kò ní bọ́tìnì eré kankan. Ọ̀pá ìdarí kan ló dá dúró láàárín, ọlọ́wọ́ òsì ń lò ó, ọlọ́wọ́ ọ̀tún ń lò ó. Asteroids, ti Atari, 1979, kò ní ọ̀pá rárá: bọ́tìnì márùn-ún ni, ọ̀kan nínú wọn sì wà fún pípòórá nígbà tí òkúta bá ti ká èèyàn mọ́. Missile Command ń fẹ́ bọ́ọ̀lù tí à ń fi àtẹ́lẹwọ́ yí. Tempest ń fẹ́ kókó tí à ń fi ìka yí. Robotron ní ọ̀pá méjì fún ẹnì kan, ọ̀kan fún ìrìn, èkejì fún ìbọn. Ní ti Q*bert, ńṣe ni wọ́n yí ọ̀pá rẹ̀ sígun, kí ó lè bá àtẹ̀gùn inú géèmù náà mu.

Níbí ni ojúkòkòrò ti ń wọlé. Onítọ̀hún á ní òun fẹ́ ọ̀pá mẹ́rin, bọ́ọ̀lù láàárín, kókó lápá òsì. Mo ti rí àwòrán irú pátákó bẹ́ẹ̀, ó fẹ̀ ju àpótí tó gbé e lọ. Ẹni tó fẹ́ gbá Donkey Kong, tí kò nílò ju ọ̀pá kan àti bọ́tìnì fífò kan, á máa wá ibi tí yóò gbé ọwọ́ lé. Bọ́ọ̀lù yẹn wu èmi náà, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n mo kọ orúkọ àwọn géèmù sílẹ̀, mo sì pín wọn sọ́nà méjì: èyí tí a ń gbá nílé wa, àti èyí tí mo kàn fẹ́ kí àlejò rí pé mo ní. Missile Command bọ́ sí ọ̀nà kejì. Bọ́ọ̀lù lọ nìyẹn.

Street Fighter II ni ilé wa ń gbá, ti Capcom, 1991, òun ló sì pàṣẹ iye bọ́tìnì: mẹ́ta fún ẹ̀ṣẹ́, mẹ́ta fún ìpá. Nínú Street Fighter àkọ́kọ́, ti 1987, àwọn bọ́tìnì ńlá kan wà tó jẹ́ pé bí o bá ṣe lù wọ́n tó ni ẹ̀ṣẹ́ rẹ ṣe ń le tó. Mẹ́fà gba ipò wọn, inú mi sì dùn sí i, torí àwọn àbúrò mi kì í fọwọ́ jẹ́jẹ́ lu nǹkan.

Mo gé páálí, mo dúró sí i bí ẹni tó ń gbá géèmù, mo gbé ọwọ́ lé e, mo sàmì sí ibi tí orí ìka kọ̀ọ̀kan bà sí. Wọ́n ní ìka ò dọ́gba. Bọ́tìnì tó tò tọ́ọ́rọ́ lórí ìlà kan dùn ún wò, àmọ́ ìka àárín fẹ́ kí tirẹ̀ lọ sókè díẹ̀, ìka kékeré sì fẹ́ kí wọ́n sún nǹkan mọ́ òun. Ihò mílímítà 30 ni mo yàn, ìwọ̀n bọ́tìnì àwọn ará Jàpáánù. Káfíńtà àdúgbò wo páálí náà, ihò mẹ́fà lọ́tùn-ún, mẹ́fà lósì, ó rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀gbọ́n, ọpọ́n ayò rèé. Bí ihò bá wá lu já báyìí, ṣé ọmọ ayò ò ní jábọ́?”

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú mi ronú. Ọ̀ta àti òpè máa ń kọjú síra wọn nídìí ayò ni. Ti géèmù yìí, ejìká á kan ejìká. Mo pe àbúrò mi tó sanra jù kó wá dúró tì mí, a sì fẹ pátákó náà sí i.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọ̀pá. Ti Pac-Man, ọ̀nà mẹ́rin péré ló mọ̀: òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún, òsì. Street Fighter ń fẹ́ mẹ́jọ, torí láìsí igun, iná ò lè jáde lọ́wọ́ Ryu, ọ̀kan nínú àwọn oníjà inú rẹ̀. Bí o bá sì fi ọ̀pá ọ̀nà mẹ́jọ gbá Pac-Man, ọwọ́ á yẹ̀ sígun, Pac-Man ò ní yà níbi tó yẹ, iwin tó ń lé e á bá a. Àwọn ọ̀pá kan ní ike lábẹ́ tí a lè yí láti mẹ́jọ sí mẹ́rin. Irú ẹ̀ ni mo fẹ́ rà, mo sì ní kí káfíńtà fi híńjì sẹ́yìn pátákó kó lè máa ṣí sókè, kí n má baà máa tú ìdè-irin ní gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá fẹ́ yí géèmù.

Bọ́tìnì tó ń pa géèmù dé ò sí lójú pátákó rárá. Abẹ́ ló máa wà, lẹ́yìn, níbi tí èèyàn ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó rí i. Mo mọ àwọn èèyàn mi: ẹni tí wọ́n bá ń nà lọ́wọ́ ló máa ń ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́.